Ẹni Tó Ti Jáde Ló Yẹ Ká Bi: Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Tó Kúrò Nínú Ètò Ìrànwọ́ Ìjọba Yẹ Ètò Náà Wò

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni ọ̀wọ́ kìíní jáde nínú N-Power, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àti owó oṣooṣù fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tó nǹkan bí 200,000. Ọ̀wọ́ kejì, tí wọ́n tó nǹkan bí 300,000, tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Àwọn tó gboyè nínú wọn ti ń gba ₦30,000 lóṣooṣù. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn kan wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àwọn mìíràn ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù kan péré, ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn kúrò nínú ètò kan ṣoṣo.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Bí ètò ìrànwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, a máa ń ka iye ẹni tó wọlé, a sì máa ń ka iye owó tó jáde. Ẹni tó kúrò, a kì í sábà bi í pé ibo ló gbà lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn tó ṣe pàtàkì jù wà: nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró, kí ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́?

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè lo ohun tí mo kọ yìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, akọ̀ròyìn àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà lè lò ó. Kò gba ẹ̀rọ ńlá. Ìwé, bírò, fóònù, owó ọkọ̀ àti sùúrù ló gbà, sùúrù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ta ni "ẹni tó jáde"?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹni kan jáde nítorí pé àkókò rẹ̀ pé, bíi ti N-Power. Ẹlòmíràn jáde nítorí pé ó ríṣẹ́. Ẹlòmíràn, ńṣe ni wọ́n yọ ọ́, torí orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ kò bá ti báǹkì mu. Ẹlòmíràn kó kúrò ní ìlú, ẹlòmíràn kú. Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ náà kàn sú, tí wọ́n ní owó ọkọ̀ tí àwọn ń ná kí owó náà tó tẹ àwọn lọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọ̀hún fúnra rẹ̀, wọ́n bá jókòó sílé. Bí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀, iye tí ẹ máa rí níparí kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ pín orúkọ wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó mú wọn kúrò.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí di ìbéèrè ńlá lẹ́yìn ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ìyẹn ọjọ́ tí Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lu òfin tó fòpin sí AFDC, ètò owó ìrànwọ́ fún àwọn ìdílé aláìní tó ní ọmọ, tó ti wà láti ọdún 1935. TANF ló rọ́pò rẹ̀, òfin sì là á kalẹ̀ pé oṣù 60 ni ọ̀pọ̀ ìdílé lè fi jẹ nínú owó ìjọba àpapọ̀ láyé wọn. Iye ìdílé tó ń gba owó já wálẹ̀. Inú àwọn olóṣèlú dùn. Àwọn olùwádìí ní kí wọ́n mú sùúrù ná: ṣé iṣẹ́ ni wọ́n rí, àbí inú ìyà ni wọ́n kọrí sí? Bí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn tó jáde kiri nìyẹn, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé owó sílẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn láti ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ìdílé tí kò gba owó fún oṣù méjì léraléra ni àwọn máa kà sí ẹni tó jáde, nítorí àwọn kan wà tí ìwé wọn kàn pẹ́, tí owó wọn fo oṣù kan, tí wọ́n sì tún padà.

Ẹ má gbé oṣù méjì yẹn wá síbí bẹ́ẹ̀ o. Owó ìrànwọ́ tiwa máa ń pẹ́, ó sì máa ń já pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń san ₦5,000 lóṣù fún àwọn ìdílé aláìní, oṣù méjì méjì ni wọ́n ṣètò láti máa san án pọ̀, ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò rí owó fún oṣù mẹ́ta lè ṣì wà nínú ètò dáadáa. Ìgbà ìsanwó ni kí ẹ fi kà á. Bí wọ́n bá ti san fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, tí tirẹ̀ kò dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jáde.

Bí ètò fúnra rẹ̀ bá sì dá dúró lójijì, bí N-Power ṣe dá dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ẹ má ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ́ àwọn tó jáde. Ètò ló jáde lára wọn. Ẹ ya ìwé tiwọn sọ́tọ̀.

Ẹ kọ ìlérí ètò náà sílẹ̀

Abala ìwé kan tó fún èyí. Ẹ kọ ohun tí ètò náà ní òun máa ṣe síbẹ̀, bí ìjọba ṣe sọ ọ́ gan-an. N-Power ṣèlérí iṣẹ́ àti ìmọ̀ iṣẹ́. Owó àwọn ìdílé aláìní wà fún oúnjẹ, ìlera àti iléèwé ọmọ. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí san ₦5,000 lóṣù lọ́dún 2011 fún àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65, kò sẹ́ni tó retí pé bàbá ẹni 70 ọdún máa fi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ikú ni ọ̀pọ̀ fi ń jáde nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń tọ́jú bàbá náà ni ẹ máa lọ bá. Ṣé bàbá ń rí oògùn rà déédéé nígbà náà? Ṣé ó ní láti dúró de ọmọ kó tó ra ọṣẹ? Ìlérí kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, kò sì dáa kí ẹ fi ìlérí tí ètò kan kò ṣe dá a lẹ́bi.

Nọ́ńbà mẹ́ta, kí wọ́n tó jáde

Nínú ìwádìí kan tí mo bá wọn ṣe, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi máa pè wọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò wọlé mọ́. Síìmù ti sọnù, fóònù ti bàjẹ́, àwọn kan ti ta tiwọn. Ẹ tún rántí oṣù Kẹrin ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n dí ìpè lórí gbogbo nọ́ńbà tí wọn kò tíì so mọ́ NIN. Àwọn màmá tí mo mọ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà ọmọ wọn nígbà náà, wọn kò sì padà sí ti àtijọ́ mọ́.

Ẹ gba nọ́ńbà mẹ́ta lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ètò. Èkíní jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ẹbí tí kò bá a gbélé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹni tí kì í kúrò lójú kan: ìyálọ́jà, olórí àdúgbò, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀. Bí ó bá ń dá àjọ, alájọ rẹ̀ ló dáa jù. Alájọ mọ ilé, ó mọ ìsọ̀, ó mọ ìgbà tí ènìyàn ṣí lọ, ó sì mọ ibi tó ṣí lọ. Àmọ́ bí ẹ bá pe alájọ, ẹ sọ pé ẹ ń wá Ìyá Báyìí, ẹ má sọ ohun tí ẹ ń wá a fún.

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ yín kò le: ẹ gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ yín, ì báà ṣe fún wákàtí kan. Ẹ kọ orúkọ sínú ìwé kan, kí ìdáhùn wà nínú ìwé mìíràn, kí ó jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ nìkan ló so méjèèjì pọ̀.

Yíyan àwọn tí ẹ máa bi

Ẹ má ní kí alága wọ́ọ̀dù bá yín mú ènìyàn wá. Àwọn tó bá mú wá ni àwọn tí inú wọn dùn, tàbí àwọn tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ. Ìbò ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ènìyàn 1,000 ló jáde nínú ètò kan: 800 nítorí pé àkókò wọn pé, 150 ni wọ́n yọ, 50 ló fúnra wọn kúrò. Bí ẹ bá kàn mú 200 nínú gbogbo wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ju mẹ́wàá lọ nínú àwọn 50 yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló mọ ibi tí ètò náà ti ń ṣẹ́ ènìyàn lóró. Ẹ mú ẹyọ kan nínú márùn-ún láàárín 800, ìyẹn 160. Ẹ to orúkọ wọn sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, ẹ ṣẹ́ ìbò láti ení dé àrún láti mọ ẹni tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kí ẹ sì máa mú ẹni karùn-ún karùn-ún lọ. Ẹ mú ẹyọ kan nínú méjì láàárín 150, ìyẹn 75. Ẹ mú gbogbo àwọn 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 285.

Nígbà tí ẹ bá wá ń ṣírò, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ká ní ẹ béèrè ẹni tó ti dín oúnjẹ òòjọ́ kù láti ìgbà tó ti jáde, tí 40 nínú 160 sọ bẹ́ẹ̀, tí 45 nínú 75 sọ bẹ́ẹ̀, tí 30 nínú 50 sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn 40 dúró fún 200, nítorí ẹnì kan dúró fún márùn-ún. Àwọn 45 dúró fún 90. Àwọn 30 dúró fún ara wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 320 nínú 1,000, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kàn ro 40, 45 àti 30 pọ̀, tó fi 285 pín in, ìdá 40 ni yóò kọ, yóò sì ti purọ́ mọ́ ètò náà láìmọ̀.

"A dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni àwa Yorùbá fi yàtọ̀ sí àwọn tó kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa láti òkè.

Mo bi màmá kan tó ń ta ata léèrè nígbà kan pé, "Màmá, ṣé ètò náà tẹ́ yín lọ́rùn?" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọmọ mi, a dúpẹ́ o. Ọlọ́run á bá wa bùkún wọn." Mo fàlà sí ibi tí wọ́n kọ "ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an". Gbogbo ìbéèrè tó kù, bẹ́ẹ̀ ni màmá ń fi àdúrà dáhùn. Ìgbà tí mo di ìwé mi, tí mo dìde, ló wá ní, "Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi bi wọ́n pé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ tẹ̀ka ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí ẹ̀rọ kò mú ìka mi, ṣé torí ata tí mo ń fọwọ́ gbá ni?" Ìka rẹ̀ ti dán, ìlà inú rẹ̀ ti parẹ́. Ohun tí wọ́n fi yọ ọ́ nìyẹn. Kò sí ibi kankan nínú ìwé mi tí mo lè kọ ọ́ sí.

Àwọn àgbà ní yinniyinni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn. Ọpẹ́ tí ẹ gbọ́ yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdájọ́ lórí ètò náà. Ọmọlúàbí kì í bú ẹni tó fún un ní nǹkan lójú àlejò. Ẹni tó ń retí pé ètò mìíràn lè dé lọ́la kò sì ní fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ pé òun jẹ́ aláìmoore. Nítorí náà, ẹ yọ gbogbo ìbéèrè "ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn" kúrò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè bó ṣe rí lára wọn. Èyí ni díẹ̀ lára èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún mi:

"Ìgbà tí owó náà wọlé kẹ́yìn, kí lẹ kọ́kọ́ fi ṣe?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé owó ti jáde títí ó fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jáde nílé? Èló lẹ fi wọ ọkọ̀? Èló ni oní-POS yọ?"

"Lánàá, kí lẹ jẹ láàárọ̀? Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Ọmọ mélòó ló lọ síléèwé ní tááàmù tó kọjá? Ní tááàmù yìí ńkọ́?"

"Kí ló wà nínú ìsọ̀ yín lónìí tí kò sí níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà? Kí ló wà níbẹ̀ nígbà náà tí kò sí mọ́?"

"Nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró, ta lẹ kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé ẹ yá owó? Ṣé ẹ ti san án tán?"

Ìbéèrè nípa ẹ̀gúnjẹ le. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé ṣé òṣìṣẹ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ní rárá. Ẹ gbé e gba ẹ̀yìn: "Láàárín àwọn tí ẹ jọ ń gba owó, ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹnì kan mú nǹkan wá kí orúkọ rẹ̀ má bàa kúrò?" Ọ̀pọ̀ ló máa dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́, ẹ má kán wọn lójú. Ẹ má sì béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ náà àyàfi tí onítọ̀hún bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, torí ìyẹn ti kúrò nínú ìwádìí, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni mo fẹ́ràn jù: "Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe olórí ètò yìí lọ́la, kí lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe?" Ọ̀rọ̀ máa ń tú jáde níbẹ̀, nítorí ẹni náà kì í ṣe ẹni tó ń ráhùn mọ́, ó ti di ẹni tí wọ́n ń gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di ìwé yín, ẹ má tíì dìde. Ẹ bá wọn tọ́wọ́ bọ ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ òjò. Ẹ fi abala kan sílẹ̀ nínú ìwé fún ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn tí ìwé ti pa dé.

Ta ni kó lọ béèrè? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń san owó, kì í ṣe ẹni tó ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kì í sì í ṣe ẹni tó dé fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ètò náà sí. Ẹ rán obìnrin sí obìnrin níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ ni kí ẹ rán: ẹni tó ń bá ará Ìkálẹ̀ tàbí ará Ìjẹ̀ṣà sọ Yorùbá inú ìwé máa gba ìdáhùn inú ìwé, ní Badagry sì rèé, Ègùn ni èdè ọ̀pọ̀ ilé. Kí ó kí ènìyàn bó ṣe yẹ, kó jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí, kó sì sọ òótọ́ kó tó ṣí ìwé: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, mà. Èmi kọ́ ni mò ń san owó, mi ò sì lè dá owó náà padà. Ohun tí ẹ bá sọ kò ní mú yín wọ ètò mìíràn, kò sì ní dí yín lọ́nà. A kò ní kọ orúkọ yín sí i. Tí ìbéèrè kan ò bá wù yín, ẹ ní ká fò ó." Gbólóhùn kejì yẹn dun ènìyàn láti sọ, torí ẹ máa rí ojú wọn tó ń rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Kò dáa ká fi ìrètí èké ra ìdáhùn lọ́wọ́ aláìní.

Ẹ dán ìwé ìbéèrè náà wò lára ènìyàn mẹ́wàá kí ẹ tó tẹ èyí tó pọ̀. Ìbéèrè tí ẹni mẹ́ta bá ní kí ẹ tún sọ, ìbéèrè náà ló nílò àtúnṣe, kì í ṣe àwọn.

Ìgbà wo?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń jáde lónìí lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe ṣe sí òun, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì tutù lọ́kàn rẹ̀. Kò lè sọ bóyá ìrànwọ́ náà dúró. Nítorí náà, ẹ bi í lẹ́ẹ̀mẹta: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó jáde, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àti lẹ́yìn ọdún kan. Bí agbára yín kò bá gbé ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fo ti àárín.

Ẹ kíyè sí àsìkò. Ẹni tí ẹ bá bi nípa oúnjẹ nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa dáhùn yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ bá bi ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí iṣu àná ti tán tí tuntun kò tíì dé. Oṣù Kẹsàn-án, owó iléèwé wà lọ́rùn gbogbo òbí. Oṣù Kejìlá, ọjà ń tà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìdáhùn méjì wé ara wọn, àsìkò kan náà ni kí ẹ béèrè méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọdún kan gééré fi dára ju oṣù mẹ́sàn-án lọ.

Àwọn tí ẹ kò rí

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lókè, nǹkan bí mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn tó jáde ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wò wọ́n. Wọ́n gbé ìyẹn sínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ìyà yọ nítorí pé wọ́n rú ìlànà kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù, àwọn tí kò ní fóònù tí wọ́n sì ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ló sì ṣòro jù láti rí. Ìwé owó oṣù tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń tọ́jú náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Kò rí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sí ọwọ́, kò sì rí ẹni tó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Lọ́dọ̀ tiwa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ nínú ọjà, oko àti iṣẹ́ ọwọ́, ìwé owó oṣù kò lè ràn yín lọ́wọ́ rárá. Ẹsẹ̀ yín ló máa ṣe é.

Ẹ gbìyànjú tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ẹ pè ní àárọ̀, ní alẹ́, ní ọjọ́ Àìkú, ẹ pe nọ́ńbà kejì, ẹ pe ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ẹ lọ sílé. Ẹ kọ iye ìgbìyànjú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn tí ẹ rí ní ìgbà karùn-ún tàbí ìkẹfà ló sún mọ́ àwọn tí ẹ kò rí jù lọ. Ẹ fi ìdáhùn wọn wé ti àwọn tó gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti àwọn tó ṣòro láti rí bá burú jù, ẹ mọ̀ pé ti àwọn tí ẹ kò rí rárá ṣeé ṣe kó burú ju ìyẹn lọ.

Ẹ sì ṣírò ìpẹ̀kun méjèèjì. Ká ní 300 ni ìbò mú, ẹ rí 210, 126 nínú wọn ní iṣẹ́. Ìdá 60 nìyẹn láàárín àwọn tí ẹ rí. Bí kò bá sí ẹnì kan tó ní iṣẹ́ láàárín 90 tó kù, ìdá 42 ni. Bí gbogbo wọn bá ní, ìdá 72 ni. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àbọ̀ yín. Ẹni tó bá kọ 60 nìkan ti sọ̀rọ̀ fún 90 ènìyàn tí kò bá sọ̀rọ̀.

Ta ni ẹ máa fi wọ́n wé?

Ìyá kan jáde nínú ètò ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ẹ bi í lẹ́yìn ọdún kan, ó ní nǹkan ti burú sí i. Ṣé jíjáde rẹ̀ ló fà á? Láàárín ọdún yẹn, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, náírà ṣubú, ọkọ̀ wọ́n, gààrí wọ́n. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ rí náà ń sunkún.

Ẹ wá àwọn tó jọ wọ́n tí kò wọ ètò náà. Àwọn tó dára jù ni àwọn tó forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n kúnjú òṣùwọ̀n, tí àyè kò kàn ká wọn. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, ní oṣù kan náà. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì ni ẹ lè fi ọkàn kan sọ̀rọ̀ lé lórí. Báyìí ni àwọn olùwádìí ṣe yẹ ètò ìrànwọ́ alápá púpọ̀ tí BRAC, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh ní ọdún 2002 wò nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Gánà wà lára wọn, dán irú rẹ̀ wò. Wọ́n fi ìbò yan ẹni tó máa wọlé, wọ́n sì padà lọ wo àwọn tó wọlé àti àwọn tí ìbò kò mú ní ọdún kan lẹ́yìn tí ètò ti parí. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé àǹfààní náà ṣì wà lára àwọn tó wọlé. Ìbò nìkan ló lè mú kí ọ̀rọ̀ dájú tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ìbò, ẹ rọ ohùn yín: ẹ sọ pé "àwọn tó jáde sàn ju àwọn tí kò wọlé lọ", ẹ má sọ pé "ètò náà ló gbé wọn dìde".

Kíkà á, kíkọ ọ́, gbígbé e padà

Fún àwọn ìdáhùn tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹ ka 30 àkọ́kọ́ láìkọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún oríṣi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: "ìka kò mú", "orúkọ kò bára mu", "ọ̀nà jìn", "owó pẹ́". Kí ẹni méjì pín ìdáhùn kan náà sí orúkọ wọ̀nyí láìwo ti ara wọn. Níbi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, orúkọ yẹn kò tíì yé yín tó.

Ọ̀rọ̀ "orúkọ kò bára mu" yìí, ẹ máa rí i gan-an. Sìdíkátù lórí NIN di Sidiqat ní báǹkì. Ẹni tó wọlé ọkọ yí orúkọ padà síbì kan, kò yí i padà síbòmíràn. Ẹlòmíràn, orúkọ bàbá ló ṣáájú níbí, tirẹ̀ ló ṣáájú lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá kọ pé "ìdá báyìí ni wọ́n yọ nítorí àìbáramu ìsọfúnni", kò sẹ́ni tó máa ṣe nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá kọ pé àṣìṣe sípẹ́lì kan ló gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ mẹ́rin, tí ẹ sì dárúkọ tábìlì tí wọ́n ti lè tún un ṣe, ẹni tó wà nídìí tábìlì yẹn máa mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí. Ẹ fi orúkọ ẹni tó lè ṣàtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde kọ̀ọ̀kan: káńsù, báǹkì, àwọn tó ń ṣe NIN, ọ́fíìsì ètò ní ìpínlẹ̀. Ẹ kọ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àwọn tó parí àkókò wọn lọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n yọ lọ́tọ̀, kí ẹ tó ro wọ́n pọ̀. Níbi tí ènìyàn kò bá ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú wọ́ọ̀dù kan, ẹ má dárúkọ wọ́ọ̀dù náà, àwọn ará ibẹ̀ máa mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e padà lọ bá wọn. Ìpàdé kan ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí lábẹ́ igi tó, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ ka ohun tí ẹ rí fún wọn ní èdè wọn, ẹ sì béèrè pé, "Ṣé bó ṣe rí nìyí?" Ẹ̀ẹ̀kan wà tí bàbá kan dìde ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tó ní àwọn tí a kọ pé wọ́n "kúrò fúnra wọn" kò kúrò fúnra wọn, pé ọ̀kadà tó ń gbé wọn lọ síbi ìsanwó ló dáwọ́ dúró nígbà tí afárá wó. A padà lọ pe mẹ́tàdínlógún nínú wọn. Òótọ́ ni bàbá sọ. A fa ìlà sí i, a kọ ọ́ tuntun.

Ẹnì kan máa béèrè níbẹ̀ pé, "Owó náà ńkọ́?" Ẹ ti múra sílẹ̀ fún un. Ẹ tẹ ìwé pélébé kan tó ní ibi tí ẹni tí wọ́n yọ láìtọ́ ti lè fi ẹjọ́ sùn, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, ìwé tó yẹ kó mú dání, àti iye tí ọkọ̀ ń gbà débẹ̀. Fún àwọn tí ìka wọn kò mú bíi ti màmá aláta, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà ṣáájú ìpàdé pé kí ni wọ́n ń ṣe fún irú wọn, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sí ìlà àkọ́kọ́.